Owó fàdákà méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan ń dán: ẹ bá mi wò wọ́n

AkówóTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Owó fàdákà méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń tú ẹrù àtijọ́ tà ni mo ti rà wọ́n pọ̀. Réàlì mẹ́jọ ilẹ̀ Sípéènì (owó ẹyọ kan tó níye lórí tó réàlì mẹ́jọ) ni méjèèjì, irú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Mẹ́síkò láyé àwọn ọba Carlos. Orí ọba wà lójú kan, asà ọba pẹ̀lú òpó méjì wà lójú kejì. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọn ibì kan lára rẹ̀ sì ń ṣe bí aró. Èkejì ń dán yinrin bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é.

Èyí tó dúdú ni mo fura sí. Mo rò pé fàdákà gidi ò yẹ kó dúdú tó báyẹn. Mo bu sódà díẹ̀ sórí aṣọ tútù, mo fi pa ibì kan níwájú imú ọba, ibẹ̀ sì funfun lóòótọ́. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Èwo nínú méjèèjì ni ojúlówó? Ṣé kí n kúkú fọ èyí tó dúdú yẹn tán?

Awò_Mẹ́wàá

Jọ̀ọ́, àbúrò, gbé aṣọ yẹn sílẹ̀ kí o tó ka ohun tó kù. Má fọ̀ ọ́, má nù ún, má fi àtàǹpàkò pa á. Bí o bá fẹ́ mú un, etí rẹ̀ ni kí o dì mú, má fọwọ́ kan ojú rẹ̀.

Fàdákà gidi gan-an ló máa ń dúdú. Imí-ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń bá ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Páálí, bébà, rọ́bà àti aṣọ onírun náà máa ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á hù sórí fàdákà. Nígbà tó bá ṣì tín-ín-rín, yóò pọ́n bíi wúrà. Bó bá nípọn díẹ̀ sí i, yóò di pupa rúsúrúsú, lẹ́yìn náà yóò di aró. Bó bá wá pẹ́ gan-an, yóò dúdú. Dúdú yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn tí a lè kà sí owó lọ́rùn. Owó tó ti lé ní igba ọdún tó sì ń kọ mànà láìsí ìdí ni kó máa kọ́kọ́ kọ ọ́ lóminú.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún wa: wọn ìwọ̀n wọn ní gíráàmù, kó fi nọ́ńbà méjì hàn lẹ́yìn àmì ìdá. Wọn bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó. Ya etí wọn yípo. Tan iná kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́, pa èyí tó wà lókè orí, kí o wá ya ojú wọn. Kí o sì da gbogbo ọ̀rọ̀ tó yí ojú wọn ká kọ síbí, lẹ́tà kan má ṣe dín.

Ọ̀dàrà77

Ẹ má dẹ́rù bà á jàre. Omi gbígbóná, sódà àti fóìlì ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí pé à ń fi nǹkan ha á, dúdú náà á kàn bọ́ fúnra rẹ̀. Mo ti fi ṣe ṣíbí fàdákà, ó sì mọ́ tónítóní.

Ìyá_Òṣùwọ̀n

Ọ̀dàrà, ó dára fún ṣíbí. Mo ti ṣe é fún owó rí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Owó méje ni, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi fọ gbogbo wọn. Dúdú bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun, kò ní ẹ̀mí kankan, àwọn ibì kan rí ṣákaṣàka. Fàdákà tí imí-ọjọ́ ti gbà kúrò lójú owó kì í padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ibi tó bá wù ú ló máa jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń pàdánù, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí i rí. Nígbà tí irin ìtẹwó bá balẹ̀ lórí fàdákà, agbára rẹ̀ máa ń mú kí fàdákà ṣàn láti àárín lọ sí etí. Ṣíṣàn yẹn á fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lójú owó àti lójú irin náà, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán ò lè kà wọ́n. Àwọn ìlà yìí ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Mú owó tí wọn ò tíì ná púpọ̀ sábẹ́ iná kan ṣoṣo, kí o rọra máa dà á sí ọ̀tún àti òsì. Wàá rí i tí ìmọ́lẹ̀ máa ń yí lójú rẹ̀ bí wáyà àárín táyà kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí. Ìyẹn ni dídán tí à ń wá. Kò sí aṣọ, kò sí ọṣẹ tó lè dá a padà bó bá ti lọ.

Owó tí wọ́n fi nǹkan pa títí tó fi ń dán, ìmọ́lẹ̀ á kàn jókòó síbì kan lójú rẹ̀, bó ṣe ń ṣe lójú dígí. Kì í yí. Èyí tí wọ́n ti rì sínú omi ásíìdì tí wọ́n ń tà fún fífọ fàdákà, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó lè ṣì yí díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rì í ni omi náà ń jẹ orí ìlà yẹn. Nígbà tó bá yá, kò ní sí ohun tó kù.

Wo ibi tí o fi sódà pa, AkówóTuntun. Wo ó dáadáa kí o wá sọ ohun tí o rí fún wa.

AkówóTuntun

Ẹ ṣé, Mà. Mo ti yá awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Iwájú imú ọba, mo rí ìlà tín-ín-rín tí wọ́n tò tẹ̀ léra, gbogbo wọn kọjú sí apá kan náà, wọ́n sì ń dán. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Inú mi ò dùn rárá.

Àwọn nọ́ńbà tí ẹ béèrè nìyí. Èyí tó dúdú: gíráàmù 26.88, ó fẹ̀ tó mìlímítà 39.6. Èyí tó ń dán: gíráàmù 24.31, ó fẹ̀ tó mìlímítà 39.5. Òòfà ò fa ìkankan nínú wọn.

Etí èyí tó dúdú ní àmì róbótó kan, onígun mẹ́rin kan, róbótó kan, onígun mẹ́rin kan, bẹ́ẹ̀ ló lọ yípo. Èkejì náà ní in, àmọ́ kò hàn kedere, ìlà tóóró kan sì gba àárín etí rẹ̀ kọjá.

Etí_Owó

Ìlà tóóró yẹn ni kò dáa. Owó tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù alábala méjì ló máa ń ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, níbi tí abala méjèèjì ti pàdé. Àwọn tó ń dà á máa ń fi fáìlì họ ọ́ kúrò, àmọ́ fáìlì náà á fi ojú ọgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Òòfà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lásán ni. Bó bá fa owó, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá fà á, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan, nítorí òòfà ò lè fa bàbà, idẹ tàbí òjé.

AkówóTuntun, mo ní iṣẹ́ kan fún ọ lórí etí èyí tó dúdú. Kí wọ́n tó tẹ orí ọba sórí réàlì mẹ́jọ, wọ́n máa ń kọ́kọ́ yí fàdákà róbótó náà láàárín irin gígùn méjì. Irin kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ àmì sí ìlàjì etí owó. Ibi tí iṣẹ́ irin méjèèjì ti pàdé, àmì máa ń gun orí ara wọn. Ibi méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n sì máa ń dojú kọ ara wọn ní òdìkejì owó. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú kì í sábà mọ̀. Òmíràn ò ní rárá, òmíràn ní ẹyọ kan. Wá ibi méjèèjì fún mi.

Ọ̀nà_Jíjìn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Nǹkan bíi gíráàmù 27 ni réàlì mẹ́jọ yẹ kó wọ̀n nígbà tó jáde. 26.88 dára gan-an fún owó tí wọ́n ti ná. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí 24.31 nìkan pe owó ní ayédèrú. Owó tó ti wà lábẹ́ òkun lè fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ El Cazador tó gbéra ní Mẹ́síkò lọ sí New Orleans ní 1784 rì pẹ̀lú ẹrù réàlì, ọdún 1993 ni àwọ̀n ọkọ̀ apẹja kan tó kan ibẹ̀. Nínú owó tí wọ́n kó jáde, iyọ̀ òkun ti jẹ lára ọ̀pọ̀, ara wọn sì rí gbágungbàgun.

Awò_Mẹ́wàá

Òótọ́ ni, Ọ̀nà_Jíjìn. Àmọ́ owó tí òkun bá jẹ tó báyẹn kì í dán yinrin, ojú rẹ̀ ò sì ní tẹ́ pẹrẹsẹ. Fífúyẹ́ àti ojú ni kí a máa wò pọ̀. Bí fífúyẹ́ bá wà, ojú ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ojú èyí ò sọ nǹkan kan.

Ìyá_Òṣùwọ̀n

Omi ni kó dá wọn lẹ́jọ́. AkówóTuntun, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, kò ní fi ìlà kankan sójú owó.

Gbé ìwọ̀n rẹ síbi tó tẹ́jú. Gbé kọ́ọ̀bù kékeré tó ní omi lé e, kí o wá dá nọ́ńbà padà sí òdo. So owó mọ́ òwú tín-ín-rín, kí o rọra rì í sínú omi náà. Kó bọ́ sínú omi tán pátápátá, kó má kan ìdí kọ́ọ̀bù, kó má kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí èéfọ́ afẹ́fẹ́ lára rẹ̀, mì ín pẹ̀lẹ́ kó lọ. Nọ́ńbà tí ìwọ̀n bá fi hàn ni ìwọ̀n omi tí owó tì kúrò lọ́nà. Mú ìwọ̀n owó náà ní gbígbẹ, kí o fi nọ́ńbà yìí pín in.

Fàdákà tí kò ní àdàlù máa ń fún ọ ní 10.49. Bàbà máa ń fún ọ ní 8.96. Réàlì mẹ́jọ ìgbà yẹn jẹ́ fàdákà tó sún mọ́ ìdá 90 nínú 100, bàbà ló sì kù, nítorí náà nǹkan bíi 10.3 ni a ń retí. Bí o bá ṣe tán, gbé owó náà sórí aṣọ rírọ̀ kó fa omi rẹ̀. Má nù ún o.

AkówóTuntun

Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́, owó kan ìdí kọ́ọ̀bù, nọ́ńbà sì fò sókè. Ìgbà kejì àti ìkẹta bára mu.

Dúdú: omi 2.61. 26.88 pín sí 2.61 jẹ́ 10.30.
Dídán: omi 2.79. 24.31 pín sí 2.79 jẹ́ 8.71.

Mo jókòó mo kàn ń wo nọ́ńbà yẹn. Èyí tí mo fẹ́ fọ dànù ni fàdákà, èyí tí mo ń fi han àwọn ará ilé kò ju idẹ tí wọ́n fi fàdákà bò.

Awò_Mẹ́wàá

Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Fi awò rẹ wo inú lẹ́tà owó tó ń dán yẹn, pàápàá igun ibi tí lẹ́tà ti pàdé ibi gbalasa ojú owó. Lára owó tí wọ́n tẹ̀, igun yẹn máa ń mú, ìdí lẹ́tà á dúró ṣánṣán. Lára èyí tí wọ́n dà, igun á rọ̀ bí ọṣẹ tí omi ti kàn, wàá sì rí ihò tóótòòtó tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀ nígbà tí idẹ ń tutù, tàbí kókó kéékèèké níbi tí mọ́ọ̀dù ti ní ihò.

O ò tíì da ọ̀rọ̀ ojú wọn kọ fún wa o.

AkówóTuntun

Ẹ má bínú, mo gbàgbé. Ihò wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ka mẹ́fà nínú lẹ́tà R nìkan.

Dúdú: CAROLUS·IIII·DEI·GRATIA·1795. Lẹ́yìn: HISPAN·ET IND·REX, lẹ́yìn náà M tí o kékeré wà lórí rẹ̀, 8R, F·M.
Dídán: CAROLUS·IIII·DEI·GRATIA·1788. Lẹ́yìn rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu.

Etí_Owó

1788! Ẹ tún un kà.

Ìyá_Òṣùwọ̀n

Mo ti kà á. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a.

Fún àwọn tí kò tíì rí i: ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1788 ni ọba Carlos kẹta kú ní Sípéènì. Ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé ìròyìn náà dé Mẹ́síkò. Kò sí bí orúkọ ọba kẹrin, CAROLUS IIII, ṣe máa wà lórí owó 1788. Kódà ní 1789 àti 1790, orí ọba tó ti kú ni wọ́n ṣì ń tẹ̀, orúkọ ọba tuntun ni wọ́n kàn fi yí i ká, títí irin ìtẹwó tó ní orí ọba tuntun fi dé. 1791 ni orí Carlos kẹrin bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe èyí kàn mú ọ̀rọ̀ kan àti ọdún kan, ó so wọ́n pọ̀.

Ti 1795 kò ní ìṣòro. M pẹ̀lú o kékeré ni ilé ìtẹwó ìlú Mẹ́síkò, F·M sì ni àmì àwọn tó ń yẹ fàdákà wò níbẹ̀ ní àkókò yẹn.

Ọ̀dàrà77

Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ fóìlì mi. Ìbéèrè kan: bí omi bá ti fún wa ní 10.30, kí la tún ń wá? Ṣé ọ̀rọ̀ ò ti parí ni?

Ìyá_Òṣùwọ̀n

Kò tíì parí, ọmọ mi. Omi sọ pé fàdákà ni. Kò sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan wà tó ń fi fàdákà gidi ṣe ayédèrú, torí owó tí àwọn akówójọ ń wá kiri níye lórí ju fàdákà inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí réàlì mẹ́jọ ṣì wà lọ́jà pàápàá, àwọn èèyàn ń ṣe ayédèrú rẹ̀, àwọn ayédèrú yẹn náà ti wá lé ní igba ọdún. Àgbà ni wọ́n, wọ́n sì dúdú bíi ti òótọ́.

Ẹ̀rọ XRF tí àwọn èèyàn ń gbójú lé náà, èyí tó ń fi ìtànṣán X mọ irú irin tó wà lára nǹkan, ojú ló ń kà. Kì í wọnú lọ jìnnà. Bí awọ fàdákà bá nípọn tó, yóò sọ pé fàdákà ni. Owó ojúlówó tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ sì lè fi fàdákà hàn ju bó ṣe yẹ lọ, torí bàbà tó wà lójú rẹ̀ ti jẹ dànù, fàdákà ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Ohun tó ń dá mi lójú jù ni ọgbẹ́. Ẹni tó bá fi owó ojúlówó kan ṣe irin ìtẹwó ayédèrú, gbogbo ọgbẹ́ tí owó yẹn ní nígbà náà á wọnú irin náà. Gbogbo ẹyọ tó bá tẹ̀ á ní ọgbẹ́ kan náà, níbì kan náà, bí ilà ojú ìbejì. Ọgbẹ́ tí owó gbà fúnra rẹ̀ máa ń mú, etí rẹ̀ máa ń yọ díẹ̀. Ọgbẹ́ tí wọ́n dà kọ máa ń rọ̀, àwọ̀ inú rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti àyíká rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń to àwòrán ẹyọ méjì mẹ́ta ọdún kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí mo bá rí ọgbẹ́ kan náà lára méjì, mi ò wá nǹkan mìíràn mọ́.

Etí_Owó

AkówóTuntun, ibi méjì lórí etí?

AkówóTuntun

Mo rí ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn orí ọba ni bí a bá gbé e dúró. Òdìkejì rẹ̀ dúdú jù, ìdọ̀tí líle kan dí i. Ṣé kí n fi nǹkan yọ ọ́?

Etí_Owó

Má fi nǹkan yọ ọ́. Iná ni kí o yí. Gbé e lọ sílẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tábìlì, kí òjìji wọ inú àmì. Ní sùúrù sí i.

Aláwọ̀_Mèremère

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀. Kí ẹ tó kúrò lórí dúdú, mo fẹ́ béèrè nípa àwọ̀. Wọ́n fi owó kan lọ̀ mí tó ní pupa, aró àti àwọ̀ ewé lójú rẹ̀ bí òṣùmàrè, ó wù mí gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọjọ́ pípẹ́ ló fún un tàbí ẹnì kan ló fi iná àti imí-ọjọ́ ṣe é?

Awò_Mẹ́wàá

Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Mo ti ra èyí tí wọ́n ṣe rí, nítorí náà mo máa sọ ohun tí mo ń wò.

Mo kọ́kọ́ ń wo bí àwọ̀ ṣe tẹ̀ léra. Awọ yẹn ń nípọn sí i láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, nítorí náà àwọ̀ ní láti tẹ̀ léra bó ṣe yẹ: wúrà, pupa, aró, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá rí aró tó kàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun láìsí wúrà àti pupa láàárín wọn, mo ti fura. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wo abẹ́ lẹ́tà. Lára owó tó dàgbà jẹ́jẹ́, ẹ̀bá lẹ́tà sábà máa ń mọ́ ju ibi gbalasa lọ, torí afẹ́fẹ́ àti ọwọ́ ò tètè débẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n kùn ò mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí gbalasa, ńṣe ló kàn léfòó kọjá lórí gbogbo rẹ̀ bí epo lójú omi.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi: dà á lábẹ́ iná, kí o wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ tí Ìyá_Òṣùwọ̀n sọ ṣì ń yí lábẹ́ àwọ̀ náà. Bó bá ń yí, àwọ̀ hù sórí ojú tí ẹnikẹ́ni ò bàjẹ́. Bí àwọ̀ bá wà tí abẹ́ rẹ̀ kú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kùn ún láti fi bo àṣírí. Ìlà ìnù tó wà lábẹ́ àwọ̀ aró kan tó rẹwà ni mo rí lára tèmi nígbà tó ti bọ́ sọ́wọ́ mi tán.

Aláwọ̀_Mèremère

Ẹ ṣeun gan-an. Màá ní kí wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dà á lábẹ́ iná. Bí wọ́n bá kọ̀, mi ò rà á.

Ọ̀nà_Jíjìn

Mo fẹ́ fi ti ọgbẹ́ kún un. Wo inú ọgbẹ́ pẹ̀lú awò. Bí inú rẹ̀ bá dúdú bíi ti ara owó, ọgbẹ́ náà ti pẹ́. Bí inú rẹ̀ bá ń dán nígbà tí àyíká dúdú, kò pẹ́ tó ṣẹlẹ̀. Bí ìlà gbọọrọ bá wà lórí asà tàbí létí ojú owó tí ó dà bí ojú fáìlì, má tètè bínú sí i. Ní ilé ìtẹwó àtijọ́, bí fàdákà róbótó bá wúwo jù, wọ́n máa ń fi fáìlì rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Irin ìtẹwó lè má pa ojú fáìlì náà rẹ́ tán, pàápàá níbi tó yọ jù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìlà tí èèyàn fi aṣọ ṣe ni pé àwòrán ti tẹ orí rẹ̀, ìlà aṣọ ló ń gba orí àwòrán kọjá.

Ọ̀dàrà77

Èmi náà ní ọ̀kan, owó ńlá tí orí obìnrin wà lójú rẹ̀, 1780, M. THERESIA. Ó ń dán, ó wúwo, gíráàmù 28.05. Ṣé pé ó ń dán túmọ̀ sí ayédèrú báyìí?

Etí_Owó

Rárá. Ìyẹn yàtọ̀. Ọdún 1780 ni Maria Theresa ti Austria kú, àmọ́ wọ́n ń tẹ owó náà lọ pẹ̀lú ọdún yẹn kan náà ní Vienna, Rome, London, Bombay àti àwọn ibòmíràn, títí di ayé òde òní. Ọdún tó wà lójú rẹ̀ kì í sọ ọjọ́ orí rẹ̀. 28.07 ló yẹ kó wọ̀n, nítorí náà tìrẹ dára. Fàdákà rẹ̀ jẹ́ ìdá 83.3 nínú 100, omi máa fún ọ ní nǹkan bíi 10.2. Wo etí rẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ IUSTITIA ET CLEMENTIA ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ọ̀dàrà77

Ó wà níbẹ̀! Mi ò wo etí rẹ̀ rí láti ọjọ́ yìí.

Ìyá_Òṣùwọ̀n

AkówóTuntun, kí o tó gbé 1795 pa mọ́, inú kí lo ń gbé e sí?

AkówóTuntun

Inú àpò ọ̀rá rírọ̀ kan, Mà, irú èyí tí ń rùn bíi rọ́bà tuntun. Inú rẹ̀ ni mo ti bá a.

Ìyá_Òṣùwọ̀n

Mú un jáde lónìí. Ọ̀rá PVC nìyẹn. Bó bá ń gbó, ó máa ń tú ásíìdì àti òróró jáde, wọ́n á sì di omi aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ owó. Bó bá pẹ́, ó máa ń jẹ ojú fàdákà. Wò ó dáadáa ní kòtò àárín òpó méjèèjì lẹ́yìn owó náà. Bí o bá rí àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀, ásítóònù gidi tí kò ní àdàlù nìkan ni kí o lò: rì í síbẹ̀ nínú abọ́ gíláàsì, má fọwọ́ pa á, gbé e jáde kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ásítóònù kì í jẹ fàdákà, kì í sì í mú àwọ̀ ọjọ́ pípẹ́ kúrò. Ṣí fèrèsé, kí iná má sì wà nítòsí, torí ó máa ń gbiná kíákíá. Ìfọ̀ kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí nìyẹn.

AkówóTuntun

Mo rí àwọ̀ ewé díẹ̀ lábẹ́ òpó ọ̀tún. Màá wá ásítóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ìkẹyìn. Ibi tí mo fi sódà pa ńkọ́? Ṣé kò sí ohun tí mo lè ṣe kó tún dúdú bá ìyókù mu? Bí mo bá sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fún owó ní ipò, irú PCGS tàbí NGC, ṣé wọ́n máa gbà á?

Awò_Mẹ́wàá

Wọ́n á gbà á bí owó bá jẹ́ ojúlówó, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fún un ní nọ́ńbà lórí òṣùwọ̀n 1 dé 70. Wọ́n á kọ ọ́ síwájú pé ojúlówó ni, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ẹnì kan ti fọ ojú rẹ̀. Mi ò ní tàn ọ́.

Má kun ibẹ̀. Àwọ̀ tí o bá fi síbẹ̀ á jẹ́ irọ́ kejì lórí àṣìṣe àkọ́kọ́, ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ iwájú á ro pé ò ń fi nǹkan pa mọ́. Fi í sílẹ̀ nínú àpótí tí kò ní PVC. Afẹ́fẹ́ á débẹ̀. Ní ọdún bíi mẹ́wàá sí ogún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi wúrà. Àwọn ìlà náà ò ní lọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní máa pariwo bíi ti òní mọ́.

AkówóTuntun

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ásítóònù ti ṣiṣẹ́, àwọ̀ ewé ti lọ, dúdú àti aró wà níbẹ̀ síbẹ̀. Mo pa iná òkè lálẹ́ yìí, mo fi iná kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì rọra ń da owó náà bí Màmá ṣe wí. Ní kòtò tó wà láàárín lẹ́tà HISPAN, lábẹ́ aró yẹn, mo rí ìmọ́lẹ̀ tó yí. Tín-ín-rín ni, kò ju fífẹ̀ èékánná lọ, àmọ́ ó yí lóòótọ́. Iwájú imú ọba nìkan ni kò ti yí.

Etí_Owó, ásítóònù náà ló mú ìdọ̀tí etí yẹn rọ̀, ó bọ́ fúnra rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ṣé òun nìyẹn?

Etí_Owó

Òun gan-an ni. Wo bí àmì róbótó ṣe gun onígun mẹ́rin yẹn títí dé ìdajì rẹ̀, ó sì dojú kọ èyí tí o kọ́kọ́ rí lẹ́yìn orí ọba. Ibi méjì pé. Mẹ́síkò ló tẹ̀ ẹ́, 1795.